Òpó Irin Nínú Oko Ilá

Mo rántí ìgbà tí mo ń wá ilẹ̀ tútù kiri Manigri, ìlú bàbá mi, bí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù. Olùkọ́ ni mí ní Bassila tó wà nítòsí, mo sì ní eré kan tí mo fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ: mo máa ń fi rádíò bá àwọn tí n kò rí rí sọ̀rọ̀, láti yàrá mi dé ìlú òkèèrè. Ìgbì rádíò tó gùn jù lọ ni mo ń lépa, èyí tó máa ń rìn jìnnà ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ṣùgbọ́n kúráǹ iná Bassila, àwọn tó ń jó irin àti ẹ̀rọ ìlọta kò jẹ́ kí n gbọ́ ju ariwo lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lókè òkun ní kí n má wá orí òkè rárá. Kí n wá ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí omi kì í gbẹ nínú rẹ̀, kí n ri òpó irin gíga síbẹ̀, kí n sì bo wáyà mọ́lẹ̀ yí i ká bí gbòǹgbò.

Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wa ní Manigri, rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ ilẹ̀ orí òkè tó fi lọ̀ mí. Ó ní, “Gbogbo ayé ń gbé irin wọn gun òkè, ìwọ ń gbé tìrẹ lọ sínú ẹrẹ̀. Ṣé ọ̀pọ̀lọ́ lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni?” Mo tọ́ka sí akùrọ̀ ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀rín rẹ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìyá mi kú, tí mo sì ń pè ní Ìyá, ló ń gbin ilá àti ìrẹsì síbẹ̀ láti ìgbà tó ti ti ilé ọkọ dé. Ó bi mí pé, “Ṣé o ti bá ìyá rẹ sọ ọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa. Mo rò pé ẹni tó pọ̀n mí kò ní du ilẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí Ìyá lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Alédjo ni mo gbẹ́ kòtò, mo po sìmá mọ́ yanrìn, mo ri òpó náà. Nígbà tó dé, ó dúró sí ẹ̀bá ilá rẹ̀, ó ń wò ó. Mo ń ṣàlàyé fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé, pé wáyà náà jìn nílẹ̀, ọkọ́ kò lè kàn án, kó máa roko rẹ̀ lọ. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi.” Mo sì dúpẹ́, èmi ọlọ́gbọ́n! N kò rántí ohun tí gbogbo ọmọ Manigri mọ̀: ẹni tí wọ́n fún nílẹ̀ dáko lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kajú, torí ẹni tó gbin igi ló nilẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí Ìyá fi roko ibẹ̀, kò gbin igi kan. Òpó mi tó wà nínú sìmá, igi ni lójú rẹ̀, igi ni lójú gbogbo ilé. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ó ti kó ọkọ́ àti irúgbìn rẹ̀, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Alédjo.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan dá mi lóhùn láti Brazil. Mo ti rò pé n ó fò sókè. N kò mọ nǹkan kan lára. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo pa rádíò, mo lọ sí iléèwé.

Mo lọ kí Ìyá lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé iyán fún mi, ó ní, “Ṣé irin yẹn ti ń sọ̀rọ̀?”

“Ó ń sọ̀rọ̀, Ìyá.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀bẹ̀ wà lẹ́nu mi, mo fi òkèlè gbé e mì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n pè mí pé ó ti kú. N kò sunkún. Mo rò pé ẹkún náà yóò dé tó bá yá, títí di òní kò tíì dé.

Wọ́n ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lóòótọ́, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn òkun, ilẹ̀ náà sì dára gan-an. Ẹnikẹ́ni kò roko síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dé, ilá tí ẹnikẹ́ni kò gbìn máa ń hù nídìí òpó. Lọ́dún tó kọjá, mo bẹ olórí ẹbí pé kó ní kí àwọn ará ilé wá ká a kó má bàa ṣòfò. Ó wò mí.

“Ìwọ lo ri òpó. Ta ló máa wọ oko olóko?”

Mo jókòó ti ilá náà láràárọ̀ títí ó fi kó.