Igba Ebè Ìrora

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ní ara ń ro òun ní Àgọ́-Àmọ̀dù, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ebè mélòó?" Olóògbé Ládòkun, àgbẹ̀ oníṣu, ló kọ́ ìlú bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ kọdọrọ bí ìwọ̀ ẹja. Misturat, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, mú bírò.

"Bàbá, ẹ fi nọ́ńbà díwọ̀n ìrora yín. Òdo ni pé kò dùn yín rárá, mẹ́wàá ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè fara dà."

"Igba."

"Mẹ́wàá ló mọ o, Bàbá."

"Ta ló fi mọ síbẹ̀? Igba-igba là ń ka ebè. Mẹ́wàá! Ìyẹn ò tó èyí tí mò ń kọ kí n tó bu ẹ̀kọ sẹ́nu."

Wọ́n ná an títí bí ẹni ń ná ewúrẹ́. Bàbá já ogún kúrò. "Ó yá, kọ ọgọ́sàn-án. Torí pé o jọ ìyá mi ni."

Dókítà Ayọ̀dàmọ́lá fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé pé ìrora tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń pè é. Inú bí Bàbá.

"Oṣù mẹ́ta? Dókítà, tèmi ti lé lógún ọdún. Ó ti tó gbéyàwó!"

Oògùn apàrora, Bàbá gbà. Omi gbígbóná àti ìdárayá ẹ̀yìn, Bàbá gbà. Àfi ìgbà tí dókítà ní, "Bí ìrora yìí bá ń kọjá márùn-ún, ẹ ó sọ ọkọ́ sílẹ̀ pátápátá." Bàbá, tí ọkọ́ mọ̀ ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, yára na ìka méjì sókè.

"Ó ti di méjì."

"Ọgọ́sàn-án lẹ sọ fún nọ́ọ̀sì!"

"Kí n tó rí ojú ẹ nìyẹn. Ojú ẹ nìkan, oògùn ni."

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tó bá wá sí ilé ìwòsàn, bó ti ń rọ̀ mọ́ ògiri bí alángbá, "Méjì" ni. Misturat a kọ méjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọgọ́sàn-án ni ojú rẹ̀ ń rí.

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá sùn, kò jí mọ́. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Àpọ́nlé ọmọ rẹ̀ mú Misturat lọ wu iṣu lóko. Igba ebè wà níbẹ̀, kò lé, kò dín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ebè mẹ́wàá-mẹ́wàá, òkúta pẹrẹsẹ kan wà tí ìjókòó ti sọ di dídán.

"Ibi tí Bàbá ti ń sinmi nìyẹn," ni Àpọ́nlé wí. "Bí wọ́n bá ti kọ mẹ́wàá, wọ́n á ní ó tó."

"Ta ló bá wọn ru òkúta?"

"Àwọn fúnra wọn ni o."

Ogún òkúta! Bàbá ru ogún òkúta kí ẹ̀yìn má baà dùn ún!

Misturat rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀pá iṣu mú. Àṣé Bàbá kúkú mọ ibi tí mẹ́wàá wà látọjọ́ yìí! Ó jókòó sórí òkúta tó gbẹ̀yìn. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín náà fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ojú jáde.

Àpọ́nlé jókòó tì í. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ebè mélòó?"

"Igba," ni Misturat wí.