Mọ́tò Tí Mi Ò Lè Pa Níwájú Àgbà

Àwọn tó ń rí mi ní Sokodé lọ́jọ́ Àìkú, tí mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò pupa kan tí ẹsẹ̀ mi nìkan yọ síta, máa ń rò pé mẹkáníìkì ni mí. Inú mi máa ń dùn sí i díẹ̀. Yunifásítì ni mo lọ, iṣẹ́ kọ̀mpútà ni mo sì ń ṣe ní búróò kékeré kan, ṣùgbọ́n abẹ́ mọ́tò yẹn ni ọkàn mi ti ń balẹ̀ jù. Ní búróò, mo lè fi gbogbo ọjọ́ ronú lórí gbólóhùn kan ṣoṣo tí ọ̀gá mi sọ láàárọ̀: kí ló ní lọ́kàn? Ṣé ó ń bínú ni? Mọ́tò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí rọ́bà kan bá là, afẹ́fẹ́ á máa jáde níbẹ̀, wàá gbọ́ ọ, wàá pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Mọ́tò eré-ìje onílẹ̀kùn méjì ni, ó sì dàgbà jù mí lọ. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kó o wọlé láti ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí eékún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè wọ inú rẹ̀ jókòó mọ́, ó fi í sílẹ̀ fún mi. Ó rẹlẹ̀ débi pé ìdí rẹ̀ ń ha ilẹ̀ níbi tí àwọn alùpùpù ń gbà kọjá láìbìkítà. Ṣùgbọ́n ó ní túbò, túbò yìí ló sì dá gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀.

Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí túbò. Òun náà á wá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ṣe ń fẹ́ iná. Tí o bá tẹ mọ́tò náà lójú ọ̀nà tó dáa, yóò kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà yóò gbé ọ lọ bí ẹni tó ti pinnu. Ṣùgbọ́n túbò máa ń gbóná janjan, òróró ẹ́ńjìnnì ló sì ń tù ú. Tí o bá sáré dé tí o pa mọ́tò lójijì, òróró yẹn ò ní rìn mọ́, yóò jóná mọ́ inú rẹ̀ bí ọbẹ̀ ṣe ń jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni túbò àkọ́kọ́ ṣe kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìbátan wa kan tó ń ṣòwò kọjá ẹnubodè ló bá mi rí òmíràn ní ilẹ̀ Benin, mo sì fi ọwọ́ ara mi dè é. Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí mo bá dé, mo máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kùn jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó pa á.

Kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè ní Sokodé. Ní Kambolé, ìlú wa, àfojúdi ni.

Nílé wa, a kì í kí àgbà lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó fi alùpùpù kó iṣu bọ̀ láti oko, tí ẹrù fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, tó bá dé iwájú àwọn bàbá tó jókòó lábẹ́ igi irúgbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, yóò pa á, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò lóṣòó kí wọn, kó tó tún máa fi ẹsẹ̀ tan án. Ẹni tí kò bá pa ẹ́ńjìnnì ti sọ tẹnu rẹ̀: mi ò ráyè yín.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ni mo kọ́kọ́ gbé mọ́tò náà relé. Mo sáré títí dé Tchamba, ìlú tó wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn Tchamba ó yẹ kí n rọra, ṣùgbọ́n ọ̀nà gbẹ, inú mi ń dùn, mo sì fẹ́ kí bàbá mi gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó rí i. Àwọn bàbá ti kírun Alásárì tán, wọ́n jókòó lábẹ́ igi, bàbá mi wà láàárín wọn. Mo dúró níwájú wọn gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti rántí túbò. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo fi mọ́tò sílẹ̀ kó máa kùn, mo lóṣòó.

"Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá."

Wọ́n dá sàlámà náà padà. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi ọwọ́ sí etí.

"Ta ló kí wa? Ṣé ìwọ ni àbí mọ́tò rẹ?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

"Máa lọ, ọmọ mi, ká má dá ọ dúró. Àwọn mínísítà ti lè máa retí rẹ ní Lomé."

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó wo mọ́tò, ó wò mí. "Káàbọ̀," ló wí, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò bi mí bóyá ara le, kò bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń ṣàlàyé túbò fún àwọn àgbà mẹ́sàn-án nínú ariwo túbò náà? Kí n tó wà á délé lọ pa á, wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òjò.

Níbi oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, bàbá mi wò mí pẹ́. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

Mo rò pé ó ń fún mi láàyè kí n tọrọ àforíjì. Mo fọwọ́, mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti lọ sóko. Ìyá mi wà ní Bago níbi ìsọmọlórúkọ, kò sẹ́ni tí n bá bi. Nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó ń rìnrìn àjò láìjẹ́ pé bàbá ṣàdúà fún un. Mo ní, ó ti kọ̀ láti ṣàdúà fún mi nìyẹn. Mo wọ mọ́tò, mo lọ.

Mi ò lè ṣàpèjúwe ọ̀sẹ̀ yẹn tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ràn láti máa ṣàpèjúwe nǹkan. Ìbẹ̀rù ni, ìtìjú ni, ìbínú díẹ̀ náà wà níbẹ̀, tí mo sì tún ń bínú sí ara mi pé mo ń bínú. Mo pe bàbá mi lórí fóònù. "Àlàáfíà ni," ló ní, kò fi kún un. Mo da aṣọ bo mọ́tò náà bí òkú. Mo rò pé kí n tà á. Ṣùgbọ́n tí mo bá wá sílé láìgbé e, á dà bí ẹni pé mo fi í pamọ́. Nítorí náà mo gbé e padà lọ, mo ń rọra bí ẹni tó kó ẹyin.

Bàbá mi nìkan ló wà nílé, ó ń yọ àgbàdo lára ṣúkù lójú ọ̀nà àbáwọlé. Mo pa mọ́tò kíá. Mo lóṣòó.

"Bàbá, ẹ forí jì mí."

"Kí lo ṣe?"

"Mọ́tò tí mi ò pa níwájú yín."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o ti rí ẹni bá ọ tún un ṣe?"

"Tún kí ni ṣe, Bàbá?"

"Mọ́tò yìí. Tí kì í tan mọ́ tí wọ́n bá ti pa á, àfi kí wọ́n tì í."

Mo wò ó. Òun náà wò mí.

"Ó ń tan, Bàbá."

"Tan án ká rí i."

Mo tan án. Ó tan. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé orí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo ní ojú ló ń ti ọmọ mi! Ó gbé mọ́tò wálé, kò gbọ́dọ̀ pa á! Mo bi ọ́, o ní kò sí nǹkan. Mo ní ó dáa, tí kò bá fẹ́ sọ, èmi ò ní tú u fó. Mo jí lọ sóko lọ wa iṣu tí wàá gbé lọ Sokodé. Mo dé, o ti sá. Mo ní ìtìjú náà mà le o."

"Èmi rò pé ẹ̀ ń bínú."

"Bínú kẹ̀? Àánú rẹ ló ń ṣe mí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ṣúkù àgbàdo. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni èmi ti ń bẹ̀rù rẹ̀, tí òun náà ń ṣọ́ra kó má dójú tì mí. Mo wá ṣàlàyé túbò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí.

"Ṣé dandan ni kó jẹ́ iwájú wa ló ti máa sinmi? Tó o bá ti ń rọra bọ̀ láti ibi oko mi ńkọ́?"

Mo ti kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rí pé tí a bá wa mọ́tò jẹ́jẹ́ lópin ìrìn, ó ti tó. Ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n gbà á gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi wọ mọ́tò, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. A lọ títí dé ọ̀nà Tchamba, a yí padà, a sì ń rọra bọ̀ láti oko rẹ̀. Lábẹ́ igi irúgbá, mo pa á, a sọ̀kalẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n na ọrùn wo mọ́tò náà.

"Ó ti kú," ni ọ̀rẹ́ bàbá mi yẹn wí.

"Tan án fún wọn," ni bàbá mi wí.

Ó tan.

"Pa á, ká tún rí i," ni ọ̀rẹ́ náà wí.

"Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ kó sinmi! Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń tún un ṣe, ẹ má bà á jẹ́ fún ọmọ mi."

Mo gbọ́ bí bàbá mi ṣe sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí tí kò dọ̀tí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi, tó ti dé láti Bago, kó iṣu sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Bàbá mi tẹ̀ sójú fèrèsé mọ́tò, ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ṣàdúà. Ó gùn. Ó dárúkọ ọ̀nà, ó dárúkọ àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá, ó dárúkọ ọ̀gá mi ní búróò, ó sì ní kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ nǹkan gbígbóná tó wà nínú mọ́tò náà. Mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn ló sì ròkè jù. Kí n tó dé Tchamba, mo ti ń súfèé bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.