Ẹnu Tó Ní Ọmọ Òun Kọ́

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kó Ràmílátù sí wàhálà, ìbéèrè tí ọmọlúàbí kì í bi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Màdáàmù Nathalie, obìnrin tí ìjọba rán wá wo ilé wọn ní Treichville, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, jókòó sí pálọ̀, ó mu omi tútù, ó wá ní, "Ọmọ mélòó lẹ bí?" Ta ló ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ràmílátù rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run ṣeun, wọ́n pọ̀." Ó nawọ́ sí Khaleelah tó ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó nawọ́ sí Irfan tó ń jẹun, ó ní ọmọ òun ni wọ́n. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀, Ràmílátù kò bímọ rí. Irfan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni. Khaleelah, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó kú sórí ìkúnlẹ̀ ni. Wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ tí wọ́n fi gbé e lé e lọ́wọ́. Gbogbo ilé ló mọ̀, Khaleelah pàápàá mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kan kò sọ ọ́ rí. Ojú méjì ní ń bímọ, igba ojú ní ń tọ́ ọ. Kí ni wọ́n fẹ́ máa là á mọ́lẹ̀ fún?

Ọ̀rọ̀ Rokia ló mú ìjọba wọlé wọn. Ọmọ tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ ni, ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní Yopougon ló wà. Ràmílátù gbé ọṣẹ àti mílíìkì lọ síbẹ̀ fún sàráà lọ́jọ́ kan, ọmọ náà di ìborùn rẹ̀ mú, ó kọ̀, kò fi í sílẹ̀. Bí òun àti Sìrájù ọkọ rẹ̀ ṣe ní àwọn fẹ́ gbà á ṣọmọ nìyẹn. Wọ́n ní ìsọdọmọ láàárín orílẹ̀-èdè méjì ni, torí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ wọn. Inú bí Ràmílátù. Treichville ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń ta aṣọ. Ìlú wo ló fẹ́ gbé ọmọ náà sá lọ?

Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Nígbà tí ìwé máa fi dé láti Nàìjíríà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ti gbé adájọ́ lọ sí ìlú mìíràn, adájọ́ tuntun sì ní òun yóò kà á látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má tíì lọ wo Rokia mọ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ó kà á dé ibi tí Ràmílátù ti ní ọmọ òun pọ̀, ó wá ìwé ìbí wọn tì. Ó ní kí gbogbo ará ilé wá síwájú òun. Lọ́yà wọn kò fi bò fún wọn: bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé adájọ́ yìí lọ́jọ́ náà, yóò pa ẹjọ́ náà tì, àwọn mìíràn yóò sì gba Rokia.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sìrájù ń wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń wé gèlè, tó ń tú u, tó tún ń wé e.

"Ìyá Khaleelah, òótọ́ ni kí o sọ o. Ìwé dossier yẹn ti sú mi."

"Níṣojú Khaleelah?"

"Ṣé kò mọ̀ ni?"

"Ká mọ nǹkan yàtọ̀ sí ká gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ẹni, Alhájì."

Nílé ẹjọ́, adájọ́ náà kò le. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi béèrè pé, "Màdáàmù, ọmọbìnrin yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?"

Khaleelah jókòó pẹ̀lú híjáàbù funfun tó ti lọ̀ láti àná, ó ń wo Ràmílátù. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Adájọ́ tún bi í léèrè.

"Rárá, èmi kọ́. Àbúrò mi ló bí i. Kì í ṣe ọmọ mi."

Faransé ló fi sọ ọ́, bóyá kò ní dunni tó ti Yorùbá. Ṣùgbọ́n Khaleelah gbọ́ Faransé ju gbogbo wọn lọ.

Adájọ́ ní ó ti yé òun, kí wọ́n lọ dúró de ìdájọ́. Níta, Khaleelah na báàgì rẹ̀ sí i. "Tantie, ẹ gba sac yín." Kò pè é ní àǹtí rí láti ọjọ́ tó ti ń fọhùn. Ràmílátù gba báàgì náà. Láti ọjọ́ yẹn, Tantie ni nínú ilé, Tantie ní ìsọ̀, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ọ̀wọ̀ tó pé pérépéré. Ọmọ náà ì bá bú u, ì bá tù ú lára. Nígbà tí ìdájọ́ dé pé Rokia ti di tiwọn, Sìrájù wólẹ̀ dúpẹ́. Ràmílátù lọ jókòó sí kíṣìnnì, ó ń bẹ̀rù pé òun ti fi ọmọ ra ọmọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ mú Rokia, Ràmílátù kò lè ní kí Khaleelah tẹ̀ lé àwọn. Ó jáde, ó bá a nínú takisí, ó ti jókòó.

Rokia tó ń rákò nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti ń sáré báyìí. Ó rí wọn, ó bú sẹ́kún, ó sá sẹ́yìn olùtọ́jú rẹ̀. Ràmílátù na ìborùn ọjọ́sí sí i. Ńṣe ni ẹkún náà ń pọ̀ sí i. Ó ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Khaleelah kúnlẹ̀. Ó fi etí híjáàbù rẹ̀ nu ikun ọmọ náà, ó gbé e, ó rọra ń mì ín títí ẹkún fi rọlẹ̀. Ó wá gbé e wá síwájú Ràmílátù. Ojú òun náà ti pọ́n.

"Má sunkún mọ́," ó sọ fún ọmọ náà. "Màámi wa nìyí."