Omi Tó Ń Fà Nínú Àpótí Dígí

Nígbà tí owó epo ń ya wọ Èkó, kálukú ló ń ra ohun tí kò ṣe é jẹ. Aládùúgbò wa tó wà lókè ra ẹ̀rọ tó ń kọrin, ó tóbi ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n, iná ò sì sí tí yóò fi wò ó. Ọkọ tèmi ra àpótí dígí tí wọ́n ń sin ẹja sí. Kì í ṣe ẹja jíjẹ o, ẹja wíwò ni. Ó rí irú rẹ̀ ní pálọ̀ ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó ní Wàrí, níbi tó ti ń bá àwọn tó ń wa epo ṣiṣẹ́, ó sì wọ̀ ọ́ lójú. Ọjọ́ tó gbé e dé ilé wa ní Ìsọlọ̀, mo wò ó lọ wò ó bọ̀, mo ní ṣé ẹja tí a ò ní sè la ó máa bọ́ lóúnjẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ yẹn ló máa ń ṣẹ́gun mi, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí n má fọ̀rọ̀ gùn: àárò rẹ̀ ń sọ mí. A ò tíì fẹ́ra pẹ́ tí iṣẹ́ epo fi gbé e lọ. Bó bá wálé, kì í ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, tó bá sì tún lọ, ó di oṣù mélòó kan. Bó bá wà lójú mi, "ẹ" ni mo máa ń pè é bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Nínú ìwé tí mò ń kọ yìí, mo ti dàgbà tó láti pè é ní "ó". Ẹni tí kò bá dùn mọ́ nínú kó pa ìwé dé.

Kí n má baà dá wà, ó lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Èkìtì. Ìyá dáadáa ni wọ́n, ìyá ìjọ ni wọ́n pàápàá, àmọ́ Èkìtì pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ, èmi sì jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá. Kí n tó gbọ́ gbólóhùn kan yé, wọ́n ti bọ́ sórí ìkẹta. Bí mo bá kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ní, "Ìyàwó, ṣé o jí ire?" Mo máa lọ sí iléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀kọ̀tá, mo máa padà dé, a máa jẹun, kálukú á wọ yàrá rẹ̀. Àwa méjèèjì la dá wà nínú ilé kan náà.

Kí ọkọ mi tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gbé àpótí náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òun fúnra rẹ̀ ló fa omi láti inú kànga, kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́, ó ń rù ú gun àtẹ̀gùn títí àpótí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó wá pè mí, ó fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi lẹ igun dígí náà hàn mí. Ó ní ọ̀dà yẹn lè ti sán lójú ọ̀nà, nítorí náà ẹja kankan ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ títí a ó fi mọ̀ pé kò jò. Ó ní afẹ́fẹ́ máa mu díẹ̀ nínú omi lójúmọ́, kò ju bí òwú abẹ́rẹ́ ṣe nípọn lọ. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀, ó ń jò nìyẹn.

"Bí omi bá dúró, ránṣẹ́ sí mi," ó ní. "Èmi fúnra mi ni n óò gbé ẹja bọ̀, n óò sì gba ìsinmi tó nítumọ̀."

Ẹ ti gbọ́. Omi ló kù kó dúró kí ọkọ mi wálé.

Bí ó ti lọ tán ni mo mú tìróò mi, mo fi fa ìlà sára dígí níbi tí omi dé. Kò pẹ́ kò jìnnà, omi ti wà nísàlẹ̀ ìlà. Mo ní bóyá ojú mi ni. Nígbà tó máa fi di òpin ọ̀sẹ̀, ó ti fà tó ìbú ìka. Mo fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo igun rẹ̀, aṣọ náà ò tutù. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ tábìlì, ìwé ìròyìn gbẹ gaú. Mo bu omi kún un, mo fa ìlà mìíràn, omi tún fà. Mo fi páálí bò ó lórí nítorí afẹ́fẹ́. Pàbó! Mo wá ṣe bí olùkọ́: mo gbé bákẹ́ẹ̀tì omi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fa ìlà síyẹn náà, kí n lè mọ èyí tí afẹ́fẹ́ ń mu. Ti bákẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹsẹ̀. Ti àpótí ń lọ ní tirẹ̀. Ilẹ̀ ò tutù, tábìlì ò tutù, omi ò sì sí níbi tí mo fi í sí.

Awakọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ mi máa ń gbé àwọn òyìnbó wá sí pápákọ̀ òfuurufú, a sì máa ń pàdé ní Apakun kó lè jíṣẹ́ fún mi. Ìbéèrè kan náà ló ń bá wá nígbà gbogbo: ṣé omi ti dúró? Mo ní kò tíì dúró. Ó kí mi, ó ṣíná sí ọkọ̀, ó lọ. Mo rìn lọ sí Bọ́ládé láti wọkọ̀, àwọn oníbúrẹ́dì ń pè mí, "Àǹtí, ẹ wá rà," mo kọjá lọ. Èmi tí mo máa ń na ọmọ tó bá sunkún lásán, mo ń sunkún ní títì nítorí àpótí ẹja.

Nígbà tí mi ò mọ ohun tí màá tún ṣe mọ́, mo rántí páúdà mi. Mo wọ́n ọn yí ìdí àpótí náà ká lórí tábìlì, ó funfun báláú. Bí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo bá kán síbẹ̀, màá rí ojú rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo sáré lọ wò ó. Mi ò rí ẹ̀kán omi kankan. Ojú ìdí abọ́ ni mo rí nínú páúdà náà, roboto, ó wá já níbì kan. Mo mọ abọ́ yẹn. Abọ́ tánganran kékeré tí Màmá gbé wá láti Èkìtì ni, ìdí rẹ̀ ti ké.

Inú bí mi, ẹ má parọ́ fún mi pé inú ò ní bí yín. Mo ní, àṣé ẹ̀ ń fi omi ọmọ yín bọ́jú! Omi ẹ̀rọ ò yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti pọn omi kún dírọ́ọ̀mù sí bákónì fún ìyẹn. Mo pinnu pé màá ká wọn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, bí àkùkọ ṣe kọ, mo ti wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Màmá jáde nínú yàrá wọn, wọ́n ró aṣọ dáadáa, wọ́n wé gèlè bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ṣí páálí, wọ́n wá rọra bu omi. Wọn ò bọ́jú. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n da omi náà díẹ̀díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ki ọmọ wọn. Mi ò gbọ́ irú oríkì yẹn rí, èmi tí mo fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Wọ́n ní ilẹ̀ tútù ni kí ọmọ àwọn máa tẹ̀ bọ̀ wálé.

Ìbínú mi kú síbẹ̀. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò bu ti inú dírọ́ọ̀mù. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, wọ́n sì rọra sọ ọ́ kí n lè gbọ́ yé.

"Ìwọ lo pọn ti dírọ́ọ̀mù. Èyí, bó o tilẹ̀ bu tìrẹ kún un, ọwọ́ ọmọ mi ló kọ́kọ́ pọn ọ́n. Òun ló mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi. Mo fẹ́ ní, Màmá, omi tí ẹ̀ ń dà kó lè wálé yẹn ni kò jẹ́ kó wálé. Mo wo ojú wọn, mo gbé e mì. Ta ni yóò sọ irú ìyẹn fún abiyamọ? Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi fi ti àpótí sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, nítorí ọmọ wọn ní ká jẹ́ kó dúró. Wọ́n ní ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní òun ni. Wọ́n ní kò burú.

Omi dúró. Ìlà tìróò àti ojú omi wà lójú kan náà. Mo jó nínú pálọ̀, èmi nìkan. Mo lọ sí Apakun, mo rán awakọ̀ pé kó sọ fún un pé omi ti dúró, ó ti dúró dáadáa. Mo fọ kọ́tìnnì, mo dirun, mo ra àwo tuntun ní Òṣòdì. Màmá ò bi mí léèrè, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iyán sí mi létí, pé òun lọmọ àwọn fẹ́ràn jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Awakọ̀ ni, ó gbé ọ̀rá ńlá kan dání, omi kún inú rẹ̀, àwọn ẹja pupa ń yí kiri níbẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọjú wo orí àtẹ̀gùn.

"Ẹ má wo ẹ̀yìn mi, Mà," ó ní. "Ọ̀gá ò lè wá. Wọ́n ní kí ẹ má retí àwọn lọ́dún yìí mọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un lómi mu. Nígbà tó lọ, mo jókòó sórí àga, ọ̀rá ẹja wà lórí itan mi. Omi ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Màmá náà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí omi dúró, bí kò dúró, ọkọ mi ò bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí dúpẹ́ fún lọ́jọ́ náà ni pé mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Màmá ló bá mi da àwọn ẹja sínú àpótí. A jókòó, à ń wò wọ́n, wọ́n ń lọ dé ibi dígí, wọ́n ń ṣẹ́rí padà. Màmá ní ẹja wọ̀nyí ò tiẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń fi sínú ọbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

Ilẹ̀ mọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ jí. Mo mú abọ́ tánganran náà, mo bu omi nínú àpótí, àwọn ẹja sá sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí Màmá jáde dé ẹnu ọ̀nà, mo gbé e fún wọn. Wọ́n wo abọ́, wọ́n wo ojú mi. Wọn ò gbà á.

"Ìwọ dà á," wọ́n ní. "Pè é."

Mo la ẹnu. Nílé tiwa, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Oríkì yẹn, ẹnu ìyá rẹ̀ ló bá mu. A ò sì tíì bímọ tí màá fi pè é ní bàbá ẹnì kankan. Mo dúró síbẹ̀, omi rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò ní ohun tí màá fi pe ọkọ mi. Màmá ò kán mi lójú. Nígbà tó yá, mo da omi náà sílẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀ nílé," ni mo wí.

Màmá ṣe àmín. A sì jọ wọlé lọ bu omi kún ti ẹja.