Olùbánisọ̀rọ̀ Tí Kò Gba Kọ́bọ̀

Kò sẹ́ni tí kò mọ Dorothy aránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ rélùwéè ní Ìjọra Badia. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé tó ń rán níbẹ̀ ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Kò ní ibòmíràn. Òun náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ ọwọ́, torí pé nínú gbogbo wa, ìwé tirẹ̀ nìkan ló ṣeé kà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Bàbá Mirabel káfíńtà ni mí, ògiri kan ló wà láàárín èmi àti rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ wa pé ogún ọdún. Owó tó wà nílẹ̀ fún ayẹyẹ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà. Dorothy kọ bí a ó ṣe ná an: kánópì, àga, ìrẹsì, àti ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún fún lọ́yà Ijeoma láti Olódì-Àpápá, tí yóò wá kọ́ wa bí ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀.

"Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún fún ọ̀rọ̀ ẹnu?" ni Reuben, wẹ́dà tó jẹ́ alága wa, wí. "Dorothy, abeg. Ṣé ọ̀rọ̀ la máa jẹ ni?"

A rẹ́rìn-ín. Èmi òmùgọ̀ gan-an ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Lọ́sẹ̀ kejì, alága mú orúkọ Dókítà Kọ̀yà wá. A ò mọ irú dókítà tó jẹ́. Wọ́n ní ó ní ọ́fíìsì ní Warehouse Road, ó sì ti gbọ́ pé à ń wá olùbánisọ̀rọ̀. Kò ní gba kọ́bọ̀. Òun ni yóò san owó kánópì, yóò tún fi màlúù kan kún un.

"Alága, ta ló sọ fún wọn pé à ń wá èèyàn?" ni Dorothy béèrè. "Ẹni tó ní òun á dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ta ló ti rí ti ọrùn ọkùnrin yìí?"

Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, àmọ́ màlúù ti wọ̀ wá lójú. Kọ̀yà ni a yàn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọkùnrin méjì gbé kámẹ́rà dé. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń ya ṣọ́ọ̀bù wa níkọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn. Mo dúró kí wọ́n ya èmi náà, ọ̀kan nínú wọn sì ní, "Ẹ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, sà. Ògiri là ń yà." Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún Dorothy.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ọ̀rọ̀ Kọ̀yà kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní àdúgbò wa yóò di tuntun. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ dìde, ká gbàdúrà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ibí yìí di tuntun, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè."

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ní Badia, èèyàn lè kọ oúnjẹ, ṣùgbọ́n a kì í kọ àdúrà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti di gbohùngbohùn mú, tó ní ká gbọ́wọ́ sókè, a ó gbé e. Ìjọ wo lo ń lọ, mọ́ṣáláṣí wo lo ti ń kírun, ọ̀kan náà ni. Àmín wa ròkè lálá. Mo la ojú díẹ̀, mo rí i pé Kọ̀yà kò di tirẹ̀. Ó ń ka orí wa, àwọn oníkámẹ́rà ọjọ́sí sì dúró tì í.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn gbogbo wa. Ilé-iṣẹ́ kan ti ra ilẹ̀ náà, ọjọ́ méje péré la ní láti kó ẹrù. Àwòrán wa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a na ọwọ́ sókè, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ayálégbé ló fara mọ́ ọn níbi ìpàdé wọn. Reuben sáré lọ sí Warehouse Road. Wọ́n ti kó kúrò ní ọ́fíìsì náà.

Dorothy dúró síwájú ìwé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń fi ìka wá ara rẹ̀ láàárín èrò. Iwájú pátápátá ló wà, ó di ojú pinpin, ọwọ́ rẹ̀ ló ga jù.

"Bàbá Mirabel, ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún níbí?"

Mo ní rárá.

"Mo ní kó má jẹ̀ẹ́ kí ọkùnrin yìí rí ṣọ́ọ̀bù mi gbà."