Jẹnẹrétọ̀ Lórí Sàréè Nílé Olókùúta Jámánì

Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ka bàbá ìyá mi láyà, nínú ọgbà ilé olókùúta tí ìdílé Jámánì kan kọ́ sí Ìbàdàn.

A kò tíì mọ̀ nígbà tí a kúrò l'Ógbómọ̀ṣọ́ ní ìdájí. Inú ìyá mi ń dùn ṣìnkìn. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin, a sì sọ ọ́ ní Oyèníran, orúkọ bàbá àgbà, tí wọn ò bí ọmọkùnrin rí. Ìyá mi fẹ́ fẹnu ara wọn lọ ròyìn fún bàbá wọn. Onítẹ̀bọmi ni wá, a mọ̀ pé òkú kì í dáhùn. Ṣùgbọ́n irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dá gbé e mì?

Náírà mẹ́ta ni Pijó gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà dán dé Ọ̀yọ́. Ní Fìdítì, níbi tí a ti ra ọsàn, ni kòtò ti bẹ̀rẹ̀.

"Dẹ́rẹ́bà, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bàbá mi ń retí mi."

"Bàbá yín ṣì wà láyé, màmá?"

"Wọ́n wà n'Ìbàdàn, nínú ilẹ̀."

"Ẹ fara balẹ̀ nígbà náà. Wọn ò ní jáde lọ kí ẹ tó dé."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi ló sì pariwo ẹ̀rín jù.

Ní Mọ́kọ́lá a wọ takisí gba Dùgbẹ̀ lọ sí Jẹ́ríkò. Ilé náà yọ láàárín igi máńgòrò. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀ bá rí i: òkúta dúdú tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ògiri tó nípọn débi pé ọmọdé lè sùn lójú fèrèsé, inú rẹ̀ tutù bí inú àmù. Bàbá àgbà wà lára àwọn tó gbẹ́ òkúta náà. Nígbà tí ogun kó àwọn Jámánì lọ, bàbá àgbà ni wọ́n fi ilé ṣọ́, wọ́n sì ṣọ́ ọ títí wọ́n fi kú. Ẹ̀yìnkùlé ni a sin wọ́n sí, a fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ojú sàréè, a kọ orúkọ wọn sí i gàdàgbà. Ọ́fíìsì kan ló ń lo ilé náà báyìí.

Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré lọ sẹ́yìn ilé. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n bá, ó ń bú ramúramù, epo dúdú ń kán sórí orúkọ bàbá wọn.

Akọ̀wé kan jáde. "A bá kọnkéré yẹn níbẹ̀ ni, sà. A rò pé àwọn òyìnbó ló ṣe é sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀."

Mo bi í pé, "Jẹnẹrétọ̀ wo ló ń jẹ́ Oyèníran?"

"Ẹ̀yin náà ṣáà ń jókòó lórí sàréè nílé yín."

Òótọ́ ni. L'Ógbómọ̀ṣọ́, à ń sá láfún lórí sàréè àgbà, à ń ta ayò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó wà lábẹ́ wa, a sì máa ń kí i.

Ìyá mi ò bá a jà. "Ọmọ mi, bá mi pa á díẹ̀, kí n sọ gbólóhùn kan."

Akọ̀wé wòkè, síbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ọ̀gá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. "Ọ̀gá ò ní gbà, màmá. Ooru mú."

Ooru, nínú ilé olókùúta.

Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n fẹnu sún mọ́ sìmẹ́ńtì, wọ́n pariwo orúkọ ọmọ náà. Èmi tí mo dúró tì wọ́n ò gbọ́.

Nígbà tí a padà délé nírọ̀lẹ́, wọ́n bi mí pé, "Ṣé o rò pé wọ́n gbọ́?" Mo mú bírò, mo jókòó kọ èyí. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn àjò yìí ni pé ènìyàn lè ṣọ́ ilé onílé títí ọjọ́ ikú, kí àwọn tó jogún ilé náà má lè dákẹ́ fún un ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì yẹn, ta ló pàṣẹ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ síbẹ̀? Ta ló ka orúkọ yẹn tó sì gbójú kúrò? Ọjọ́ wo lẹ máa gbé e kúrò, kí n lè mú ìyá mi padà wá sọ̀rọ̀? Ẹ tètè dá wa lóhùn. Ìyá mi ti dàgbà.