Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Bàbá Ìbejì

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀kùn lára kó tó gba ẹnu rẹ̀ wọlé, tó sì ń mi tábìlì díẹ̀ kó tó jókòó tì í, ẹ má rò pé nǹkan ń ṣe é. Káfíńtà ni. Bí Bàbá Ìbejì ṣe rí nìyẹn. Láti ìgbà tí irun kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ ló ti ń gbẹ́ igi, àga ló sì mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo nǹkan lọ. Ó máa ń sọ pé kò sí ohun tó le nínú tábìlì, ẹ ṣáà gbé e kalẹ̀, ó tán, ṣùgbọ́n àga gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá wá ṣe àga lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ ní kó rìn lọ kó rìn bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, yóò sì máa wo ìbàdí onítọ̀hún títí ojú yóò fi tì í.

Ìyá Ìbejì ni ìyàwó rẹ̀. Àwọn ìbejì tí wọ́n fi ń pè wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti ní ìdílé tiwọn níbi tó jìnnà. Orúkọ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn òbí wọn. Ó wá ku tọkọtaya nínú ilé, àti òórùn pákó, àti ọkọ̀ ẹlẹ́rù kékeré kan tó máa ń dúró lẹ́bàá ògiri. Ọ̀dà ara ọkọ̀ náà ti ń ṣí, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ológbò tó jẹun yó. Ìyá Ìbejì máa ń sọ pé bí òun àti ọkọ̀ yẹn bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, òun mọ ẹni tí ọkọ òun yóò kọ́kọ́ sáré bá.

Lọ́dọọdún, gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ìjọba lè mọ̀ bóyá ó ṣì yẹ lójú títì. Èyí tó bá yege, wọn a fún un ní ìwé. Èyí tí kò bá yege, ẹni tó ni ín a lọ tún un ṣe. Láti ọdún gbọ́nhan, ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni Bàbá Ìbejì ti ń ṣe tirẹ̀, lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan tí ikọ́ ń bá jà. Bàbá yẹn a béèrè àlàáfíà àwọn ìbejì, a tẹ họ́ọ̀nù, a fẹsẹ̀ ta táyà, a sì fọwọ́ sí ìwé. Àyẹ̀wò tiwọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkíni lọ.

Ọdún yìí náà, nígbà tí àsìkò tó, Bàbá Ìbejì fọ ọkọ̀ rẹ̀ títí dé abẹ́, bí ẹni fẹ́ mú ọmọ lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ jáde láàárọ̀. Àfi bí wọ́n ṣe dé ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bá fóòmù. Fóòmù ni lọ́tùn-ún, fóòmù ni lósì, wọ́n tò ó kan àjà níbi tí kòtò àyẹ̀wò wà tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ sọ fún wọn pé bàbá àgbàlagbà ti fẹ̀yìn tì, pé wọ́n ti kó ibi àyẹ̀wò lọ sí òdìkejì afárá, pé ibẹ̀ tóbi, ó sì tún lẹ́wà. Apá ibo gan-an, kò mọ̀. Ó wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dùbúlẹ̀ díẹ̀ sórí fóòmù kan kí wọ́n gbọ́ bó ṣe rọ̀ tó. Bàbá Ìbejì fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó ṣe bí ẹni tó tọ́ oògùn kíkorò wò, ó padà sínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Gbogbo ìwà tí a ń wá lára ọkọ rere ló wà lára Bàbá Ìbejì, àfi ẹyọ kan: kì í béèrè ọ̀nà. Wọ́n kọjá afárá, wọ́n yà sọ́tùn-ún, ọ̀nà náà já sí ẹnu géètì ilé onílé. Wọ́n yà sósì, wọ́n tún bá ara wọn lórí afárá. Ìyá Ìbejì rán an létí pé abèèrè kì í ṣìnà. Ó ní òun kò ṣìnà, pé òun kàn ń wo bí àdúgbò ṣe rí ni. Ìyá Ìbejì ní àdúgbò dára, pé ìgbà kẹta tí àwọn yóò wò ó rè é.

Níkẹyìn, Bàbá Ìbejì rí pátákó kan lẹ́yìn igi, wọ́n kọ ÀYẸ̀WÒ sí i gàdàgbà, ẹ̀ka igi sì bo ìyókù. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó borí lẹ́jọ́, ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ó wọlé. Àwọn kan jókòó tí wọ́n ń dúró, òun náà tò. Nígbà tó kàn án, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun fà á jókòó, ó ní kó fọwọ́ bo ojú òsì, kó ka lẹ́tà tó wà lára ògiri. Ó ka ìlà méjì kó tó yé e pé ojú èèyàn ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ lòun gbé wá.

Nígbà tó ròyìn fún Ìyá Ìbejì, ìyẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. “Ẹ bá ti jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán,” ló wí. “Ẹni tí kò rí ‘ojú’ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ka igi, ó yẹ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò.” Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lọ béèrè. Kò sì pẹ́ rárá. Ọkùnrin aláṣọ funfun jáde síta, ó nawọ́ júwe ọ̀nà fún wọn: ẹ̀yìn iléeṣẹ́ panápaná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù.

Ibẹ̀ tóbi lóòótọ́. Ilẹ̀kùn ńláńlá bíi mẹ́rin ló ṣí sílẹ̀, ọkọ̀ sì tò síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gba tiwọn jẹ́ obìnrin kan tí kò tíì tó àwọn ìbejì lọ́jọ́ orí, ó ga, ó ki irun rẹ̀ bọ abẹ́ fìlà, gírísì sì wà létí rẹ̀. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì kọjú sí iṣẹ́. Kò fẹsẹ̀ ta táyà o. Ó fi irinṣẹ́ wọn bí ara táyà ṣe jẹ tó. Ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ lé irin tó ń yí, ó tẹ bíréèkì, ó wo ohun tí ẹ̀rọ sọ. Ó sọ̀ sínú kòtò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó fi irin kan abẹ́ ọkọ̀ káàkiri, ó ń tẹ́tí sí i. Ó wo iná, ó wo wáípà, ó gbọ́ ohùn èéfín. Bàbá Ìbejì jókòó, ó ń mi orí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kò lè ṣe kó má fẹ́ràn ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ó ku inú ọkọ̀.

Obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì dúró.

Àga tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọkọ̀ bá wá. Lẹ́yìn tí Ìyá Ìbejì ṣubú lórí àtẹ̀gùn nígbà kan, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba ìjókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá ti rìn díẹ̀ nínú ọkọ̀, omi á lé rórò sójú rẹ̀, kò sì ní wí nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ rí i. Ó da lẹ́búlẹ́bú pákó sínú àpò, ó ta omi sí i, ó ní kó jókòó lé e kó fẹ̀yìn tì í, nígbà tó sì dìde, bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí wà lára àpò náà. Àpò náà ló ń wò tó fi gbẹ́ igi ṣe àga, díẹ̀ díẹ̀, ó ń fá a, ó ń fọwọ́ pa á, títí ó fi dán bí ojú omi. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ sí i. Ọkọ rẹ̀ wá yọ àga ọkọ̀ kúrò, ó fi ìṣó tí wọ́n ń yí wọnú igi kan èyí mọ́lẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀yìn kò dun Ìyá Ìbejì nínú ọkọ̀ mọ́. Bàbá àgbàlagbà oníkọ́ kò sì ṣílẹ̀kùn ibẹ̀ rí.

Obìnrin ayẹkọ̀wò fi ọwọ́ tọ́ igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ṣe é. Bàbá Ìbejì ní òun ni, orí rẹ̀ sì wú. Ìgbà náà ni obìnrin náà sọ fún un pé òun kò tíì rí àga tó dára tó bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ kankan, pé òun kò sì lè fún un níwèé.

Bàbá Ìbejì dìde dúró. Ó ní àga tí ẹnì kan ti ń jókòó lé láti ọjọ́ yìí wá láìsí wàhálà, kí ló ṣe é? Ó ní kí wọ́n wá ẹni tó jù ú lọ níbẹ̀ jáde. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti le bí igi ìrókò. Obìnrin náà kò bá a fà á. Ó yíjú sí Ìyá Ìbejì.

“Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó síbẹ̀?”

“Èmi ni, ọmọ mi.”

“Bí nǹkan bá já lu ọ̀nà lójijì, tí Bàbá tẹ bíréèkì, bíréèkì yìí dára o, ọkọ̀ yóò dúró. Àga kò ní dúró. Irin ló ń di àga ọkọ̀ mú, bẹ́líìtì sì ń di èèyàn mú. Èyí kò ní ọ̀kankan.”

Bàbá Ìbejì rìn lọ síbi ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga rẹ̀ mú, ó fà á. Ẹsẹ̀ kan mì. Ó tún fà á, ìṣó yọ díẹ̀, ihò rẹ̀ sì ti fẹ̀. Bí ó ti pẹ́ tó tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì, òun tó ń mi tábìlì gbogbo ayé kò mọ̀. Nígbà tó dìde, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà bóyá òun lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí ìyàwó òun kò ní jókòó lé àga yẹn délé.

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ wọ bọ́ọ̀sì kẹ́yìn. Ìyá Ìbejì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ká gèlè rẹ̀ sẹ́yìn ìbàdí, ó ń fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé tuntun han ọkọ rẹ̀, nítorí ẹni tó ń wakọ̀ kì í rí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó ṣe díẹ̀, ọkọ rẹ̀ ní, “Orí ewu ni mo ti ń gbé ẹ jókòó láti ọjọ́ yìí.”

“Orí àga lẹ gbé mi jókòó,” ni Ìyá Ìbejì wí. “Ìrora tó ń bá mi jà, ta ló rí i? Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ rí i.” Ó wá na ọwọ́ sí ìta, ó ní kó wo ilé alájà mẹ́ta kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ pupa, pé irú ọ̀dà wo nìyẹn. Bàbá Ìbejì wò ó. Ó ní onílé náà ti ṣìṣe.

Wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ìbejì lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó ti kú, ó wá irú àga ọkọ̀ tirẹ̀ rí, tòun ti bẹ́líìtì rẹ̀. Wẹ́dà tó ń jó irin àti mẹkáníìkì so ó mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú bóòtì àti nọ́ọ̀tì, Bàbá Ìbejì sì dúró tì wọ́n lórí débi pé wẹ́dà bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ jẹun. Àga náà dúró gbọin. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Ìbejì jókòó lé e, ó ní ó dára, ó ní ó dára gan-an, ọkọ rẹ̀ sì rí omi tó lé rórò sójú rẹ̀.

Obìnrin ayẹkọ̀wò ti sọ pé ohun rírọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ tẹ́ sórí àga kò kan òun, níwọ̀n ìgbà tí irin àti bẹ́líìtì bá ti pé. Nítorí náà Bàbá Ìbejì lọ ra fóòmù lọ́wọ́ ọmọbìnrin ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Kò fẹ́ràn fóòmù láyé rẹ̀. Ó ní kò ní ìlà lára bíi ti igi, kò ní egungun. Ọ̀bẹ lásán ló fi gé e. Àkọ́kọ́ bàjẹ́, èkejì dà bí irọ̀rí tí ajá fà ya. Ìyá Ìbejì ń wò ó láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, ó kan ń bi í bóyá kí òun ti gé aṣọ tàbí kí òun ṣì dúró. Nígbà tó yá, Bàbá Ìbejì gbé àga onígi rẹ̀ jáde, ó tẹ fóòmù mọ́ ọn lára, ó ń gé e tẹ̀ lé bí igi ṣe ga àti bó ṣe rẹlẹ̀. Èyí bọ́ sí i. Ìyá Ìbejì jókòó lé e, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé ibi àyẹ̀wò, obìnrin ayẹkọ̀wò fi ọwọ́ méjèèjì fa àga, kò mì. Ó fa bẹ́líìtì, ó dì. Ó wá ní kí Mọ́mì dárí ji òun, òun fẹ́ jókòó wò. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn tì, kò sì dìde títí àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn fi ń fun họ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà ló dìde tó lọ tẹ ìwé wọn jáde. Bàbá Ìbejì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe fún ìwé nìkan, ó sì mọ̀ pé ó yé obìnrin náà.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ títí dé orí afárá, ó sì dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ wò ó: bẹ́líìtì wà láyà rẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti sùn lọ. Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ kòtò kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé ẹyin. Wọ́n dé àdúgbò wọn. Aládùúgbò kan rí wọn, ó dìde láti bá wọn ṣí géètì. Bàbá Ìbejì juwọ́ sí i, ó rọra kọjá ẹnu géètì láìdúró, kí oorun má baà dá lójú ìyàwó rẹ̀, ó wo epo tó kù nínú ọkọ̀, ó sì yà sí ọ̀nà etí odò, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú.